Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Àfàlẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ rìwáyà nìkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń rin ojú títì lálẹ́ tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn ọkọ̀ àfàlẹ́yìn ni.

Kí ni à ń pè ní ọkọ̀ àfàlẹ́yìn? Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni, tí kò lè dá rìn, àfi kí ọkọ̀ mìíràn máa fà á lẹ́yìn. Ẹ ti rí i rí. Òun ni katakata ń fà nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Òun ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tàbí táńkì omi lé, tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré á sì máa fà á kiri. Ní Èkó, òun ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sí etí ọ̀sà. Òmíràn kéré, táyà méjì péré ni ó ní. Òmíràn sì fẹ̀ ju ọkọ̀ tí ń fà á lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣebí ọkọ̀ iwájú ti ní iná tirẹ̀, kí ni àfàlẹ́yìn tún ń fi iná ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àfàlẹ́yìn a máa bo ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú mọ́lẹ̀. Iná pupa ọkọ̀ iwájú lè máa tàn bí ẹyin iná, ara àfàlẹ́yìn ni yóò máa tàn sí. Lójú ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, òkùnkùn ni ó wà níwájú òun. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn, irin ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìwé òfin ojú pópó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ẹni tí ń sá irú eré yìí yóò ti rin mítà 15 kí ó tó ronú tẹ bíréèkì, yóò sì tún rin mítà 38 kí ọkọ̀ tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 53, lórí títì tó gbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tó dára. Nígbà tí a bá sì tẹ iná iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí ń pàdé wa, ohun dúdú tí ó bá kọjá nǹkan bí mítà 40 kì í fẹ́ hàn sí wa mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ yọ 40 kúrò nínú 53. Mítà 13 tí ó kù yẹn, inú rẹ̀ ni ikú lúgọ sí.

Ṣùgbọ́n bí gílóòbù pupa kékeré kan bá wà ní ìdí àfàlẹ́yìn, èyí tí agbára rẹ̀ kò ju wátì 5 lọ, ẹni tí ń bọ̀ yóò ti rí i láti òkèèrè, nígbà tí àyè ṣì wà láti dẹ ẹsẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Báwo wá ni iná ṣe ń ti ara ọkọ̀ iwájú dé ìdí àfàlẹ́yìn? Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo tọ́ọ̀ṣì. Iná mànàmáná kò dà bí omi. Omi a máa ṣàn lọ, kò sì ní padà. Iná mànàmáná kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu kan bátìrì ni ó ti ń jáde, ẹnu kejì bátìrì yẹn kan náà ni ó sì gbọ́dọ̀ padà sí. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, kò ní lọ rárá. Nínú tọ́ọ̀ṣì onírin, ara irin tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà àbọ̀. Bí ẹ bá tú ìdí rẹ̀, ẹ ti gé ọ̀nà náà nìyẹn, gílóòbù á sì kú, bí bátìrì tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtajà dé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkọ̀. Wáyà kan ni ó ń gbé iná lọ bá gílóòbù. Ara irin ọkọ̀ ni ó ń gbé e padà, nítorí wọ́n ti so ẹnu kejì bátìrì mọ́ irin náà. Ṣùgbọ́n ibo ni irin ọkọ̀ iwájú ti kan irin àfàlẹ́yìn? Ní ibi ìkọ́ tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ nìkan ni. Ibẹ̀ ni gíríìsì wà, ibẹ̀ ni ìpẹtà wà, ibẹ̀ sì ni ó ń mì jìgìjìgì bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò. Nígbà mìíràn irin á kan irin, nígbà mìíràn kò ní kàn án dáadáa. Ẹni tí ó bá fi ìkọ́ ṣe ọ̀nà àbọ̀ iná, orí afárá tó ti jẹrà ni ó gbé ẹrù rẹ̀ gbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi wáyà kan sílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó máa gbé iná padà. Àwọn rìwáyà ń pè é ní áàtì. Ní tiwa lónìí, a ó máa pè é ní wáyà àbọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju èyí lọ: bí iná àfàlẹ́yìn bá ń ṣe ségesège, wáyà àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Wàyí o, ẹni tí ó bá ní bírò lọ́wọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú okùn dúdú tí ó ti ara ọkọ̀ iwájú wá, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Yúróòpù fún ọkọ̀ oníbátìrì fólítì 12, wáyà méje ni ó wà níbẹ̀. Ihò méje ni ó sì wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà 1, wáyà yẹ́lò: tiráfíkétọ̀ ọwọ́ òsì.
Nọ́ńbà 2, wáyà búlúù: iná kùrukùru, tí ọ̀pọ̀ àfàlẹ́yìn wa kò ní.
Nọ́ńbà 3, wáyà funfun: wáyà àbọ̀.
Nọ́ńbà 4, wáyà aláwọ̀ ewé: tiráfíkétọ̀ ọwọ́ ọ̀tún.
Nọ́ńbà 5, wáyà búráùn: iná ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún.
Nọ́ńbà 6, wáyà pupa: iná bíréèkì, tòsì tọ̀tún.
Nọ́ńbà 7, wáyà dúdú: iná ẹ̀yìn ọwọ́ òsì.

Ẹ kíyè sí i. Wáyà mẹ́fà ni ó ń gbé iná lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń gbé e bọ̀. Èrò ọ̀nà mẹ́fà lọ sọ́jà, afárá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bá bọ̀. Bí afárá yẹn bá já, kò sí ẹni tí yóò délé.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ìkìlọ̀ mẹ́ta wà. Èkíní ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní ètò tiwọn. Àfàlẹ́yìn kékeré tiwọn sábà máa ń ní wáyà mẹ́rin péré: funfun ni wáyà àbọ̀, búráùn ni iná ẹ̀yìn méjèèjì, yẹ́lò ni tiráfíkétọ̀ àti bíréèkì ọwọ́ òsì, aláwọ̀ ewé ni tiráfíkétọ̀ àti bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún. Gílóòbù kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí fún wọn. Bí iná bíréèkì ọkọ̀ yín bá dá wà lọ́tọ̀, tí tiráfíkétọ̀ sì dá wà lọ́tọ̀, ẹ kò lè kàn so ó mọ́ irú àfàlẹ́yìn bẹ́ẹ̀; àpótí kékeré kan wà tí ń da méjèèjì pọ̀, òun ni kí ẹ fi sí àárín wọn. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń lo fólítì 24. Bí ẹ bá fi gílóòbù fólítì 12 sí i, ojú ẹsẹ̀ ni yóò jó. Ẹ̀kẹta ni pé ọkọ̀ ayé òde òní ní kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ iná rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé wáyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè, kí ó lè fi ti àfàlẹ́yìn mọ́ ọn, lè ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Ẹ wá ohun èlò tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà gan-an.

Bí a bá fẹ́ fa wáyà náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a tú orí bátìrì, kí iná má baà ta ẹnikẹ́ni lójijì. Lẹ́yìn náà, inú férémù irin ni kí a gbé okùn náà gbà, kí ó jìnnà sí táyà àti sí ibi tí ẹrù ti lè máa họ ọ́. Níbikíbi tí ó bá ti gba inú ihò irin kọjá, kí a fi rọ́bà yí ihò náà ká, nítorí etí irin mú bí ọ̀bẹ, ìmìjìgì ojú ọ̀nà á sì fi í gé wáyà díẹ̀díẹ̀. Ní ibi ìkọ́, kí a dẹ okùn náà díẹ̀. Bí ó bá le jù, ó máa já ní ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà. Bí ó bá sì dẹ̀ jù, títì yóò máa họ ọ́ títí bàbà inú rẹ̀ yóò fi yọjú.

Oríkèé wáyà ńkọ́? Ẹni tí ó bá kàn lọ́ wáyà méjì pọ̀ tí ó sì fi téèpù dúdú wé e, ó ti pe òjò wá jẹun. Tí òjò bá rọ̀, omi á ráyè wọ inú téèpù náà, bàbà á hu àwọ̀ ewé, iná kò sì ní lè kọjá dáadáa mọ́. Kí a fi òjé jó oríkèé náà, tàbí kí a fi ẹnu irin tí a tẹ̀ pa dè é, kí a sì bò ó kí omi má wọlé.

Ní ti wáyà funfun, kí ó sanra ju àwọn yòókù lọ. Kí ó dé ìdí iná kọ̀ọ̀kan, kí ó má ṣe dúró sórí férémù kí ó sì máa retí pé irin yóò bá òun ṣe èyí tó kù. Bí ó bá di dandan kí a so ó mọ́ férémù níbì kan, kí a fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin yóò fi máa dán, kí a fi nọ́ọ̀tì dè é le, lẹ́yìn náà kí a fi gíríìsì kùn ún lórí kí omi má baà débẹ̀. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Orí ọ̀dà dídán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń de wáyà àbọ̀ mọ́, tí wọ́n á sì máa sọ pé ayé ń ṣe iná àwọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ẹrù wáyà funfun yìí ṣe wúwo tó. Gílóòbù iná ẹ̀yìn kan jẹ́ wátì 5. Méjì jẹ́ 10. Ti bíréèkì kan jẹ́ wátì 21. Méjì jẹ́ 42. Ti tiráfíkétọ̀ tí ń ṣẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 21. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wátì 73. Bí a bá fi 12 pín in, ó lé díẹ̀ ní áńpíà 6, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ń gba inú wáyà kan ṣoṣo bọ̀. Bí ìpẹtà tó wà ní oríkèé wáyà náà bá jẹ fólítì 3 nínú 12, 9 ni yóò kù fún gílóòbù. Ẹ má rò pé ìmọ́lẹ̀ náà yóò dín ní ìdá mẹ́rin péré. Kò ní tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí wáyà funfun bá wá já pátápátá ńkọ́, tí ìkọ́ náà kò sì kàn dáadáa? Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun ìyanu. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iná tí ó bá wá fún tiráfíkétọ̀, tí ó bá ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ ní dídí, yóò wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Yóò gba inú gílóòbù iná ẹ̀yìn àfàlẹ́yìn kọjá, yóò bá wáyà dúdú tàbí ti búráùn padà sínú ọkọ̀ iwájú, yóò gba inú gílóòbù ti ọkọ̀ iwájú náà kọjá, kí ó tó rí irin tí yóò gbé e padà sí bátìrì. Nítorí èyí ni ẹ fi máa ń rí i tí awakọ̀ fẹ́ yà sí òsì, tí gbogbo ìdí àfàlẹ́yìn rẹ̀ á máa ṣẹ́jú wẹ́wẹ́ bí iná tanátaná. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe gílóòbù. Wáyà àbọ̀ ni.

Èyí tí ó burú jù nìyí. Ní alẹ́, nígbà tí iná ẹ̀yìn wà ní títàn, ó ti lè rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gba inú gílóòbù bíréèkì padà, kí ó sì máa tàn bàìbàì. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì, iná mìíràn ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀bùrú náà. Méjèèjì pàdé, kò sí èyí tí yóò kọjá. Ìdí àfàlẹ́yìn tó ń tàn bàìbàì tẹ́lẹ̀ á wá ṣókùnkùn, ní ìgbà náà gan-an tí ọkọ̀ ń dúró, tí ẹni ẹ̀yìn sì nílò láti mọ̀. Awakọ̀ iwájú kò ní mọ nǹkan kan, nítorí iná ọkọ̀ tirẹ̀ ń tàn dáadáa.

Fún ìdí èyí, kí a tó gbéra, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni méjì ló lè ṣe é. Kí a fi òkúta há táyà. Kí ẹnìkan jókòó sídìí ọkọ̀, kí ẹnì kejì dúró sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí yóò ti rí ìdí àfàlẹ́yìn. Kí ti ìdí ọkọ̀ tan iná ẹ̀yìn, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó ju tiráfíkétọ̀ sí òsì, kí ó jù ú sí ọ̀tún, kí ẹnì kejì máa pè é bí ó ti ń rí i. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣe wọ́n pa pọ̀, nítorí pé nígbà tí ẹrù bá pọ̀ ni wáyà àbọ̀ tí kò le máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Bí iná ẹyọ kan bá kú, ẹ wo gílóòbù rẹ̀. Bí iná bíréèkì méjèèjì bá kú, ẹ wo wáyà pupa tàbí fíúsì. Bí tiráfíkétọ̀ bá ń ṣẹ́jú kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gílóòbù kan ti jó nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, ẹ mú wáyà gígùn kan, ẹ fi láti ìdí àbọ̀ iná àfàlẹ́yìn kan ẹnu àbọ̀ bátìrì. Bí iná bá tàn rekete, ẹ ti mú olè náà.

Bí fíúsì bá jó, ẹ má ṣe fi wáyà lásán tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dípò rẹ̀. Fíúsì jó nítorí pé wáyà kan ti kan ibi tí kò yẹ. Bí ẹ bá dí i lẹ́nu, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò jó, ọkọ̀ lè bá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lè fi ojú ara yín rí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì méjì àti wáyà díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ so gílóòbù kan, ẹ wo bí ó ṣe tàn tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọ̀nà àbọ̀, ẹ fi gílóòbù kejì sí àárín rẹ̀. Àwọn méjèèjì á wá máa tàn bàìbàì. Iná kò dín nínú bátìrì. Ọ̀nà àbọ̀ ni ó ní ìdíwọ́. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan ni kí ẹ fi dán an wò o. Iná ara ògiri ń pa ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ó ku ohun kan. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ni ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń gbà kọjá. Bí iná òsì àfàlẹ́yìn bá kú, tí tọ̀tún nìkan ń tàn, ẹni náà yóò rò pé ọ̀kadà kan ni ó ń lọ jẹ́jẹ́ ní etí títì. Yóò fẹ́ kọjá lápá òsì rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni irin wà. Iná kan kò tó. Kí ẹ sì fi gíláàsì pupa onígun mẹ́ta tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́ ìdí àfàlẹ́yìn, ní òsì àti ní ọ̀tún, kí ẹ máa nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Kò ní wáyà, kò ní fíúsì, iná ẹni tí ń bọ̀ ni ó fi ń tàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ ni, kì í ṣe arọ́pò iná. Bí iná kò bá tàn, kí àfàlẹ́yìn sùn síbi tí ó wà di òwúrọ̀. Ẹ̀gẹ́ á dúró deni, ẹ̀mí kì í ní àrà.

Nígbà tí a bá ń lọ sí ìrìn àjò, ohun tí àwọn òbí wa máa ń ṣàdúrà fún ni pé kí a lọ ire, kí a sì bọ̀ ire. Iná mànàmáná náà kò ní àdúrà tó ju ìyẹn lọ. Ẹ bá a tún ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ ṣe, kí àwa tí ń bọ̀ lẹ́yìn náà lè délé.